Ìwé Márùn-ún Tó Ń Dúró Lórí Ìlà

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ọládèjì fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún wa nínú ìpàdé àdúrà ọjọ́rú, pẹ̀lú Bíbélì lórí itan rẹ̀. Ó ní irọ́ kan ṣoṣo lòun pa láti ìgbà tóun ti di àtúnbí, inú ìtàn yìí sì ni irọ́ náà wà. Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, kò sẹ́ni tó lè ṣe àmín.

Ọládèjì ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Sùúrùlérè. Ìsàlẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù, òkè ni òun àti Christianah ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Àtẹ̀gùn inú ilé ló so méjèèjì pọ̀, ó sì já sí ilẹ̀kùn kékeré kan lẹ́yìn àga Ọládèjì gan-an. Bí ilẹ̀kùn náà bá ṣí, á kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára nítorí atẹ́gùn òkè máa ń fẹ́ sí i lọ́rùn.

Ọmọ kan ni wọ́n bí. Ọdún mẹ́jọ ni Christianah fi sunkún níwájú Olúwa bíi Hánà kó tó lóyún Ṣìmí. Ọmọ pupa, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́, ọmọ tí kì í jẹ́ kí ìwé funfun sinmi. Àwòrán ló ń yà lójoojúmọ́. Nígbà tó pé ọmọ ọdún méje, wọ́n ra tábílẹ́ẹ̀tì fún un, ó sì ń fi ìka yà á sí i. Wàhálà wá dé. Orí tábílẹ́ẹ̀tì ni àwòrán ń gbé, Ṣìmí sì fẹ́ kó wà lórí ìwé, kí òun lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Pírìńtà bàbá rẹ̀ kò sì mọ ohunkóhun tí kò bá ti gba inú wáyà USB wọlé.

"Dádì, Bùrọ̀dá Jude tó ń ta nǹkan kọ̀ǹpútà ní Yaba ní àpótí kékeré kan wà o. Tẹ́ ẹ bá ti ki wáyà pírìńtà sí i nídìí, màá kàn tẹ̀ ẹ́ látòkè, ẹ̀yin á rí i nísàlẹ̀."

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màmá mi."

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ náà gba ọdún méjì.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún yìí, wọ́n pe Ọládèjì láti ilé-ìwé pé ara ń ro Ṣìmí. Kì í ṣe nǹkan tuntun. SS ni ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, ìrora eegun ti di ará ilé wọn. Ó lọ mú un wálé, ó fún un lóògùn, ó fi ìpara mẹ́ńtọ́ọ̀lù ra orúnkún rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Tó bá tún le sí i, pè mí." Ó sọ̀kalẹ̀. Iná kò sí. Ó tan jẹnẹrétọ̀. Igba ìwé ètò ìsìnkú ìyá àgbà kan ló ń tẹ̀, laago márùn-ún ni wọ́n máa wá gbà á. Nígbà tí wọ́n gbà á tán tó gun òkè, ọmọ ti tutù.

Ó sọ fún Christianah pé ojú oorun ni Ṣìmí gbà lọ. Christianah béèrè ohun kan ṣoṣo.

"Ṣé ó pè yín?"

"Mi ò gbọ́."

"Mi ò béèrè pé ṣé ẹ gbọ́."

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti jókòó sáàárín wọn. Wọ́n ń jẹun yí i ká, wọ́n ń gbàdúrà yí i ká. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa. Òbí kì í sin ọmọ. Bàbá Oyèníran, ẹ̀gbọ́n bàbá Ọládèjì, ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá pẹ̀lú àgbà méjì. Wọ́n gbé ọmọ lọ. Wọ́n kó aṣọ rẹ̀, bàtà rẹ̀, báàgì ilé-ìwé rẹ̀ àti tábílẹ́ẹ̀tì náà. Wọn kò sọ ibi tí wọ́n gbà, òbí kò sì gbọ́dọ̀ béèrè.

Orúkọ Ọládèjì náà bá wọn lọ. Dádì Ṣìmí ni gbogbo àdúgbò ń pè é tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kejì wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ọ̀gá, ní Bùrọ̀dá, ní "ẹ jọ̀ọ́, sà". Christianah kò pè é ní nǹkan kan mọ́. Bó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, á wá dúró níwájú rẹ̀ títí ọkọ rẹ̀ á fi gbójú sókè.

Oṣù márùn-ún kọjá báyìí.

Shakirat ló fa ọ̀rọ̀ àpótí náà padà. Òun ló ń bá Ọládèjì to ìwé lórí kọ̀ǹpútà, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Kọ̀ǹpútà méjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, pírìńtà kan, wáyà kan. Bí òun bá fẹ́ tẹ̀wé, á yọ wáyà lára kọ̀ǹpútà ọ̀gá rẹ̀. Bí ọ̀gá bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, á tún fà á padà.

"Ọ̀gá, ẹ wo ẹnu wáyà yìí, ó ti ń mì bí eyín arúgbó. Gbogbo ọjọ́ ni mò ń fà á bí ẹni ń fún wàrà màlúù. Ẹ dákun, ẹ ra print server. Gbogbo wa á máa fi wáyáfáì tẹ̀ ẹ́, àwọn kọ́sítọ́mà náà á máa fi fóònù tẹ̀ ẹ́."

Ọládèjì wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù Jude ní Yaba.

Ọmọ Íbò ni Jude, àmọ́ Mushin ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ dá ṣáká. Kò tíì gbọ́ nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Bó ṣe rí Ọládèjì lẹ́nu ọ̀nà ló pariwo.

"Dádì Ṣìmí! Ẹ̀yin rèé! Mo ti rò pé ẹ ti já lọ sí Kánádà."

Oṣù márùn-ún nìyẹn tí etí Ọládèjì kò ti gbọ́ orúkọ náà. Ó di tábìlì mú.

"Ṣé ọmọ yẹn ló rán yín? Ó ti yọ mí lẹ́nu tó. Ṣé ó ṣì ń ya ajá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà yẹn?"

Ó yẹ kó sọ ọ́. Ó ti la ẹnu láti sọ ọ́. Ohun tó jáde ni, "Ó ṣì ń yà á."

Irọ́ náà nìyẹn. Ó ní bóun ṣe sọ ọ́ tán, ṣọ́ọ̀bù náà dákẹ́. Fáànù ń yí, ènìyàn ń kọjá níta, àmọ́ òun kò gbọ́ nǹkan kan. Ó dà bíi pé ẹnì kan wà níbì kan tó sọ orí sókè nígbà tó gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Jude gbé páálí méjì kalẹ̀.

"Kí ẹ tó wo iye, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo orúkọ pírìńtà yín. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń gbà o. Àwọn kan á rà á délé tán, àpótí á wá máa wò wọ́n bí òkúta." Ó gba ìwé tí Ọládèjì kọ orúkọ pírìńtà sí, ó fi wé àwọn orúkọ tó wà lórí fóònù rẹ̀. "Ó dáa. Àwọn méjèèjì gbà á. Ó wá ku bó ṣe máa jìnnà tó. Èyí, inú yàrá kan ni. Tí ògiri bá ti dé, ó ti parí. Èyí ló ní ìwo méjì, ẹ wò ó bíi ti ìgbín. Ògiri ò lè dá a dúró. Ibo lẹ fẹ́ kó dé?"

Àga Shakirat kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ sí ti Ọládèjì. Kò sí ẹni tó ń ya àwòrán lókè mọ́. Èyí tó kéré ti tó wọn, ó tilẹ̀ jù wọ́n lọ.

"Òkè," ni Ọládèjì wí. "Kó dé òkè."

"Nítorí Ṣìmí! Mo mọ̀. Ẹ mú èyí. Ibikíbi tó bá wà, á gbọ́ ọ." Jude sọ ọ́ sínú ọ̀rá. "Ọjọ́ méje lẹ ní o. Tí kò bá bá yín lára mu, ẹ gbé e wá ká pààrọ̀ ẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ ìṣẹ́gun, ni Shakirat so ó. Ojú ọjọ́ oṣù kẹjọ ṣú bó ṣe máa ń ṣú, òjò kò rọ̀, oòrùn kò ràn. Ó yọ wáyà pírìńtà lára kọ̀ǹpútà, ó kì í sídìí àpótí náà. Iná búlúù kékeré kan tàn níwájú rẹ̀. Ó tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà wáyáfáì sí i. Ojú ìwé kan ṣí lórí kọ̀ǹpútà, níbi tí àpótí náà ti ń to àwọn ìwé tó ń dúró láti jáde.

"Ọ̀gá, ṣé tòkunbọ̀ ni wọ́n tà fún yín ni?"

"Tuntun ni. Ìwọ lo ya ọ̀rá ẹ̀."

"Ìwé márùn-ún ti wà lórí ìlà."

Ọládèjì dìde. Ìwé márùn-ún ni lóòótọ́. Ọjọ́ kan náà ló wà lára gbogbo wọn: ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Orúkọ ẹ̀rọ tó fi wọ́n ránṣẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣìmí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà ni ilà kéékèèké márùn-ún wà, irú èyí tó ń fi hàn bí ẹ̀rọ ṣe sún mọ́ ọ tó. Ọ̀kan ṣoṣo ló tàn.

Kò sẹ́ni tó tẹ nǹkan kan. Pírìńtà kùn, ó fa ìwé.

Irú pírìńtà tí ń dojú ìwé dé bó bá ń tì í jáde ni. Ọládèjì mú ìwé náà, ó gbóná lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yí i. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan ni. Ènìyàn kékeré kan wà lójú fèrèsé òkè. Ajá dúró nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́fà.

Shakirat fa ìborùn rẹ̀ mọ́ ara. "Lá ìláhà illalláhù," ó wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Kò sọ nǹkan mìíràn títí wọ́n fi ṣíwọ́.

Ọládèjì wo aago. Mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá.

Lọ́jọ́rú, ní wákàtí kan náà, ìkejì jáde. Àtẹ̀gùn ni. Kò sí ènìyàn lórí rẹ̀. Ó ka àtẹ̀gùn inú àwòrán, ó jẹ́ mẹ́rìnlá. Ó lọ ka ti ilé, ó jẹ́ mẹ́rìnlá. Ìkarùn-ún fọ́ létí, ti inú àwòrán náà fọ́ létí. Lókè pátápátá ni sílípáàsì kékeré méjì wà. Orí wọn kọ sí ìsàlẹ̀.

Ilà méjì ló tàn lórí kọ̀ǹpútà.

Ó pe Bàbá Oyèníran lórí fóònù.

"Bàbá, ẹ kú ilé. Tábílẹ́ẹ̀tì Ṣìmí, sà. Ọwọ́ ta ló wà?"

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni, sà."

Adìyẹ kan ń ké lẹ́yìn Bàbá lọ́hùn-ún.

"Ọwọ́ ọmọ ló wà. Àwa la gbé e lé e láyà."

"Níbo, Bàbá?"

"Ládèjì."

"Sà."

"O mọ̀ pé n ò lè sọ ọ́."

"Ṣé ó jìnnà sí Èkó, sà?"

"Ó jìnnà," ni bàbá àgbà wí. "Ó jìnnà gan-an, ọmọ mi. Lọ sinmi."

Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n mú iná lọ ní aago méjì. Epo jẹnẹrétọ̀ ti tán. Àdúgbò dákẹ́ rọ́rọ́, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì pàápàá kò dún. Shakirat ń fi ọwọ́ ṣẹ́ ìwé ètò ìgbéyàwó, Ọládèjì ń gbọ́ bí ìwé ṣe ń ṣẹ́ lábẹ́ èékánná rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kú. Fáànù kú. Iná búlúù àpótí náà kò kú.

Ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, pírìńtà tí kò sí iná lára rẹ̀ fa ìwé.

Ilẹ̀kùn kékeré ẹ̀yìn àga ló wà nínú ìkẹta. Ó ṣí díẹ̀. Kò ju kí ìka wọlé lọ.

Wọ́n jọ bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Ilẹ̀kùn wà ní títì.

Shakirat kó báàgì rẹ̀. "Ọ̀gá, mo ti dé ọ̀dọ̀ yín ọdún mẹ́rin, mi ò sá fún iṣẹ́ rí. Àmọ́ lọ́la, ara mi ò ní yá."

Ara rẹ̀ kò sì yá lọ́jọ́ ẹtì. Ọládèjì nìkan ló wà. Ó ti lọ gẹrun láàárọ̀, abẹ bù ú lọ́rùn lẹ́yìn, onígbàjámọ̀ sì lẹ pílásítà mọ́ ọn. Ó jókòó. Ó kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, ó ń ka Sáàmù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ìwé jáde. Ó yí i.

Ẹ̀yìn ọkùnrin kan ni. Ó jókòó nídìí tábìlì, ó tẹ orí ba. Àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo. Lọ́rùn ọkùnrin náà, níbi tí abẹ ti bu Ọládèjì láàárọ̀ ọjọ́ náà, ni pílásítà kékeré kan wà.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ló wà lára ìwé náà.

Atẹ́gùn fẹ́ sí i lọ́rùn. Ó gbọ́ òórùn mẹ́ńtọ́ọ̀lù. Ó ní òun fẹ́ bojú wẹ̀yìn, Ọlọ́run mọ̀ pé òun fẹ́ bojú wẹ̀yìn ju bóun ṣe fẹ́ mí lọ. Àmọ́ ó ń rò ó pé bóun bá wò, kò ní sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ títí òórùn náà fi lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, Christianah bá ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú Bíbélì ọkọ rẹ̀. Ó tò wọ́n sórí bẹ́ẹ̀dì Ṣìmí. Ó wá dúró níwájú ọkọ rẹ̀ títí ó fi gbójú sókè.

"Sọ́ọ̀lù lọ bá obìnrin Ẹ́ńdórì tó ń pe òkú. Kí ló gbẹ̀yìn ẹ̀?"

"Mi ò pe ẹnikẹ́ni."

"Ẹ pè é. Ẹ ra nǹkan tó fi lè dáhùn."

Ọládèjì tẹjú mọ́ àwọn àwòrán orí bẹ́ẹ̀dì náà.

"Ẹ gbé e padà lọ́la. Ẹ gba èyí tó kéré. Ọmọ Dáfídì kú, Dáfídì dìde, ó wẹ̀, ó jẹun. Ó mọ̀ pé kò ní padà wá."

"Ó ku ọ̀kan, Christianah."

"Kí lẹ fẹ́ kó sọ?"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó pè mí."

Christianah kó àwòrán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ, ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀, ó kó wọn mọ́ àyà.

Lọ́jọ́ àbámẹ́ta, kí ó tó di aago mẹ́ta, Christianah sọ̀kalẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Kò tíì dé ibẹ̀ láti oṣù kẹta. Ó jókòó sórí àga Shakirat. Páálí àpótí náà wà lórí tábìlì, Ọládèjì ti ṣí i sílẹ̀. Ó di wáyà mú láti fà á yọ. Ó dì í mú, kò fà á.

Ilà márààrún tàn lórí kọ̀ǹpútà.

Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Pírìńtà kùn. Ó gbìyànjú, ó dúró. Iná aláwọ̀ ọsàn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú lára rẹ̀. Kò sí ìwé nínú rẹ̀.

Christianah wo ọkọ rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ kó ìwé jáde."

"Èmi ni."

"Ẹ ní ẹ fẹ́ mọ̀."

"Mo fẹ́ mọ̀." Ó ṣì di wáyà náà mú. "Tó bá jẹ́ pé ó pè mí ńkọ́? Tó bá pè mí, tí èmi sì ń tẹ ìwé òkú olókùú nísàlẹ̀ ńkọ́?"

Iná ọsàn ń ṣẹ́jú. Ó tàn, ó kú. Ó tàn, ó kú. Kò sí ariwo kankan nínú ilé náà.

Christianah ló dìde. Òun tó ní kí wọ́n gbé e padà. Ó fa ìwé funfun kan yọ nínú èyí tó wà lórí tábìlì, ó fi ọwọ́ ra á kó tẹ́ dáadáa, bó ṣe máa ń ra kọ́là aṣọ ilé-ìwé Ṣìmí láàárọ̀.

"Ọmọ mi ti dúró láti oṣù kẹta," ó wí. "Mi ò ní jẹ́ kó tún dúró."

Ó ki ìwé náà sínú pírìńtà.

Ó jáde lẹ́ẹ̀kan. Ó dojú dé. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé kọjá lára rẹ̀, wọ́n sì rí òjìji ohun tó wà lódì kejì. Kì í ṣe àwòrán. Ìlà méjì kúkúrú ni, ọ̀rọ̀ ni, lẹ́tà ńláńlá bí ọmọdé ṣe ń kọ ọ́. Látẹ̀yìn, kò ṣeé kà.

Lẹ́yìn àga, ilẹ̀kùn kékeré dún wọ́ọ́. Atẹ́gùn òkè fẹ́ wọlé.

Ọládèjì na ọwọ́ sí ìwé náà. Christianah gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná, oṣù márùn-ún ni kò ti fọwọ́ kàn án.

"Dádì Ṣìmí," ó wí. "Ẹ má yí i. Ó ti dé."

Wọn kò yí i. Títí di ọjọ́ tó sọ ọ́ fún wa, orí pírìńtà ni ìwé náà wà, ó dojú dé. Ọjọ́ méje Jude ti kọjá. Kò sí ìwé kankan lórí ìlà mọ́, ilà márààrún sì wà ní títàn níbẹ̀. Bí aago bá ti lu mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, pírìńtà á fa èémí sínú bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, á sì dákẹ́. Ọládèjì àti ìyàwó rẹ̀ á ti jókòó lórí àga méjèèjì kó tó tó àkókò náà. Wọn kì í tan jẹnẹrétọ̀ ní wákàtí yẹn mọ́. Ilẹ̀kùn kékeré ẹ̀yìn àga, wọn kì í tì í.